Ta Ni Kọ̀ǹpútà Inú Sítóò Máa Jẹ́rìí Tako?

Àbúrò kan wá bá mi nílé lọ́jọ́ Sátidé kan lọ́dún tó kọjá. Lẹ́tà kan tí wọ́n ká sí mẹ́rin ló dì mọ́wọ́. "Àǹtí Lọ́yà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wo èyí," ló wí, ó sì jókòó sí etí àga bí ẹni tó fẹ́ dìde sá. Sítọ́ọ́kípà ni ní ilé ìkẹ́rùsí kan l'Ékòó, níbi tí wọ́n ti ń kó mílíkì, ṣúgà àti bísíkíìtì jọ fún àwọn tó ń tà lọ́jà. Owó oṣù rẹ̀ jẹ́ ₦95,000. Lẹ́tà náà sọ pé páálí mílíkì mẹ́rìnlá ti sọnù lọ́wọ́ rẹ̀, ₦24,000 ni ọ̀kọ̀ọ̀kan, àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ ₦336,000. Wọ́n ní àwọn yóò máa yọ ₦28,000 nínú owó oṣù rẹ̀ títí oṣù méjìlá yóò fi pé.

Mo bi í pé báwo ni wọ́n ṣe mọ̀ pé mẹ́rìnlá ló sọnù. Ó ní kọ̀ǹpútà ló sọ ọ́. Kọ̀ǹpútà ní páálí 312 ló yẹ kó wà nílẹ̀, wọ́n ka ọjà, wọ́n bá 298. "Ọ̀gá ní kọ̀ǹpútà kì í purọ́, Àǹtí."

Àlàyé tirẹ̀ kò gùn. Lọ́jọ́ Sọ́ńdè kan, ọ̀gá pè é lórí fóònù pé àbúrò ìyàwó òun ń bọ̀ wá gbé ẹrù, kó fún un ní páálí mẹ́rìnlá, "a máa kọ ọ́ tó bá di Mọ́ńdè." Kò sí iná lọ́jọ́ náà, wọn kì í sì í tan jẹnẹrétọ̀ ní Sọ́ńdè. Ọmọ yìí kọ ọ́ sẹ́yìn wébíìlì àtijọ́ kan. Nígbà tí Mọ́ńdè dé, ọkọ̀ ẹrù méjì já wọlé lẹ́ẹ̀kan náà, ni ọ̀rọ̀ bá bọ́ sílẹ̀. Lẹ́yìn oṣù méjì ni wọ́n tó ka ọjà. Ìwé pélébé yẹn ti sọnù. Ọ̀gá ní òun kò rántí.

Ìdí tí mo fi ń sọ ìtàn yìí ni pé mo máa ń gbọ́ tí àwọn ọ̀dọ́ tó ń ṣiṣẹ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ ń ráhùn. Wọ́n ti ṣe ètò kọ̀ǹpútà tó dáa fún ilé ìkẹ́rùsí, wọ́n gbé e lọ fún àwọn oníṣòwò, wọ́n lò ó fún oṣù mẹ́ta, wọ́n sì padà sí ìwé lẹ́jà aláwọ̀ búlúù tí wọ́n ń lò tẹ́lẹ̀. Àwọn ọ̀dọ́ wa á wá ní àwọn àgbà ọjà kò fẹ́ ọ̀làjú. Mi ò gbà bẹ́ẹ̀. Lójú tèmi, ẹlẹ́rìí ni ètò kọ̀ǹpútà yìí. Bí ẹlẹ́rìí tuntun bá sì wọlé, ohun tí gbogbo ará ilé máa kọ́kọ́ bèèrè nínú ọkàn wọn ni pé: ta ló fẹ́ jẹ́rìí tako?

Fún ẹni tí kò mọ bó ṣe ń ṣiṣẹ́, ẹ jẹ́ kí n là á sílẹ̀. Ìlà dúdú tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́ tí ẹ máa ń rí lára páálí bísíkíìtì ni wọ́n ń pè ní bákóòdù. Kì í ṣe nǹkan tuntun. Oṣù Kẹfà, ọdún 1974 ni wọ́n kọ́kọ́ fi ẹ̀rọ ka a lára ọjà tí wọ́n tà fún oníbàárà, ní ìlú Troy, ìpínlẹ̀ Ohio, l'Amẹ́ríkà. Ṣingọ́ọ̀mù ni ọjà náà. Nínú ilé ìkẹ́rùsí, bí ẹrù bá dé, wọ́n á fi ẹ̀rọ ka bákóòdù rẹ̀, kọ̀ǹpútà á sọ ibi tí kí wọ́n gbé e sí. Bí oníbàárà bá fẹ́ ọjà, kọ̀ǹpútà á ní kí wọ́n kọ́kọ́ mú èyí tí ọjọ́ ìlò rẹ̀ fẹ́ẹ́ parí. Orúkọ ẹni tó gbé e wọlé, ẹni tó gbé e jáde, ọjọ́ àti wákàtí, gbogbo rẹ̀ ló máa wà níbẹ̀. Ọ̀gá lè jókòó sí ilé rẹ̀ kó máa wo iye tó kù lórí fóònù. Ẹ ò rí i pé nǹkan dáadáa ni?

Kí ló wá dé tí kò fi ràn káàkiri? Ìdáhùn tí ẹnu gbogbo èèyàn máa ń sọ ni iná, nẹ́tíwọ́ọ̀kì àti dọ́là. Òótọ́ ni gbogbo rẹ̀. Ní oṣù Kẹrin, ọdún 2024, ìjọba gbé owó iná àwọn tó wà ní Band A láti nǹkan bí ₦68 lọ sí ₦225 fún yúnìtì kan. Ní ọjọ́ 14, oṣù Kẹta, ọdún yẹn kan náà, okùn íntánẹ́ẹ̀tì abẹ́ òkun já, báǹkì wa kan ò lè ṣiṣẹ́ dáadáa, àwọn tó ń lo ètò tó wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì sì jókòó tẹtẹrẹ. Ní oṣù Kínní, ọdún 2025, àjọ NCC fọwọ́ sí i kí àwọn iléeṣẹ́ fóònù fi tó ìdá àádọ́ta nínú ọgọ́rùn-ún lé owó ìpè àti dátà. Ti dọ́là ńkọ́? Ètò tí wọ́n bá ń gba $100 lé lórí lóṣooṣù, nǹkan bí ₦46,000 ni kí wọ́n tó tú náírà sílẹ̀ ní oṣù Kẹfà, ọdún 2023. Kò tó ọdún kan tó fi kọjá ₦150,000. Oníṣòwò wo ló máa rí irú èyí tí kò ní wo lẹ́jà rẹ̀ pẹ̀lú ìfẹ́?

Àmọ́ ẹ jẹ́ ká bi ara wa ní ìbéèrè kan. Ṣé kì í ṣe inú iná yìí kan náà, nẹ́tíwọ́ọ̀kì yìí kan náà, ni POS ti gbilẹ̀? Ẹ lọ sí àdúgbò yòówù l'Ékòó, l'Ábẹ́òkúta, n'Íbàdàn, ẹ máa rí ọmọbìnrin kan lábẹ́ agbòòrùn pẹ̀lú ẹ̀rọ POS. Ẹ̀rọ rẹ̀ náà nílò nẹ́tíwọ́ọ̀kì, ó nílò iná tí yóò fi gba agbára. Nígbà tí owó náírà wọ́n bí ojú ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2023, òun ló gba ọ̀pọ̀ nínú wa là. Kò sí ẹni tó fi tipátipá mú un láti máa tẹ̀ ẹ́.

Ìyàtọ̀ tó wà láàárín àwọn méjèèjì ni èrè àti ààbò. Ọmọbìnrin onípíọ́ọ̀sì mọ̀ pé gbogbo ìgbà tí òun bá tẹ ẹ̀rọ ni nǹkan máa wọlé fún òun. Bí oníbàárà bá sọ pé owó òun kò wọlé, rìsíìtì tó jáde lẹ́nu ẹ̀rọ ló máa gbà á sílẹ̀. Ẹlẹ́rìí tirẹ̀ ni ẹ̀rọ yẹn. Sítọ́ọ́kípà ńkọ́? Bó bá tẹ̀ ẹ́ dáadáa fún ọ̀ọ́dúnrún ọjọ́, kò sẹ́ni tó máa fi náírà kan lé owó oṣù rẹ̀. Bí àṣìṣe ọjọ́ kan bá wọ̀ ọ́, lẹ́tà dé. Kó tó di pé kọ̀ǹpútà dé, iṣẹ́ rẹ̀ ni kó gbé ẹrù kó sì kọ ọ́. Nígbà tó dé, iṣẹ́ di ìlọ́po, ẹ̀bi náà sì di ìlọ́po. Ẹni tó bá rí irú èyí tí kò fẹ́ ẹ̀rọ náà, ẹ má pè é ní ará oko. Ó gbọ́n ni.

Ẹ̀rù kejì wà lọ́dọ̀ ọ̀gá fúnra rẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òun ló fowó ra ètò náà. Ọ̀gá fẹ́ mọ ohun tí òṣìṣẹ́ ń ṣe, ṣùgbọ́n kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni mọ ohun tí òun ń ṣe. Ẹ wo Sọ́ńdè tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan. Ọ̀pọ̀ iṣẹ́ ajé wa ló jẹ́ ti ẹbí: àbúrò ìyàwó á gbé ọjà láìsanwó, ẹ̀gbọ́n á yá páálí mẹ́wàá, wọ́n á fún àwọn ará mọ́ṣáláṣí tàbí ṣọ́ọ̀ṣì ní tiwọn. Mi ò sọ pé kò dáa, bí a ṣe ń gbé ara wa nìyẹn. Àmọ́ kọ̀ǹpútà kò mọ àna, kò mọ ẹ̀gbọ́n. Bí wọn kò bá kọ ọ́ pé "ọ̀gá ló ní ká fún un," ohun tó máa fi hàn ni pé ọjà dín.

Owó orí náà tún wà níbẹ̀. Òfin owó orí tuntun tí Ààrẹ Tinubu fọwọ́ sí ní oṣù Kẹfà, ọdún 2025 bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ kìíní, oṣù Kínní, ọdún 2026. Ọ̀pọ̀ oníṣòwò ló gbà pé bí iye ọjà àwọn bá ti wà nínú kọ̀ǹpútà, ó ti di ti ìjọba. Lẹ́jà ṣeé tì sábẹ́ àpótí. Ètò tó wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì kò rí bẹ́ẹ̀. Ọ̀rọ̀ àwọn àgbà bọ̀ síbí: òótọ́ dọ́jà ó kùtà, owó lọ́wọ́ là ń ra èké. Síbẹ̀, kí ẹ mọ̀ pé òfin kò dúró de kọ̀ǹpútà. Òfin àwọn iléeṣẹ́, CAMA ti ọdún 2020, ti sọ pé gbogbo iléeṣẹ́ tó bá forúkọ sílẹ̀ gbọ́dọ̀ ní àkọsílẹ̀ ìṣirò owó, títí kan iye ọjà tó wà nílẹ̀ ní ìparí ọdún bó bá jẹ́ ọjà ni wọ́n ń tà, kí wọ́n sì tọ́jú rẹ̀ fún ọdún mẹ́fà. Ẹni tó ń fi lẹ́jà sá fún owó orí ti rú òfin kí kọ̀ǹpútà tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.

Ṣé oníṣòwò nìkan ni? Ẹ jẹ́ ká rántí oṣù Kẹwàá, ọdún 2020. Lẹ́yìn ìṣẹ̀lẹ̀ Lẹ́kkí, àwọn èèyàn já ilé ìkẹ́rùsí kan ní Mazamaza, l'Ékòó, wọ́n bá oúnjẹ ìrànwọ́ Kòrónà tí CACOVID kó kalẹ̀ níbẹ̀, pẹ̀lú àkọlé lára rẹ̀ pé kò wà fún títà. Lọ́jọ́ kejì, ó kan Ẹdẹ, ní ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, ó sì tàn dé àwọn ìpínlẹ̀ mìíràn. Àwọn gómìnà ṣàlàyé: wọ́n ní àwọn kò tíì pín in tán, àwọn ìpínlẹ̀ kan sì ní ṣe ni àwọn fi apá kan pamọ́ de ìgbà tí àrùn náà bá tún gbéra. Ó lè jẹ́ òótọ́. Ṣùgbọ́n ta ló máa gbà wọ́n gbọ́, nígbà tí kò sí ará ìlú kankan tó mọ iye tó wọlé, iye tó jáde àti iye tó kù? Mi ò sọ pé ètò kọ̀ǹpútà ló máa dá èrò tí ebi ń pa dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn. Ohun tí mo ń sọ ni pé ilé ìkẹ́rùsí tí kò ní ẹlẹ́rìí, ìfura ló máa ń jẹ́rìí níbẹ̀.

Ibo ló wá ti ń ṣiṣẹ́? Ó ń ṣiṣẹ́ níbi tí ẹnì kan tó lágbára ju ọ̀gá lọ bá ti ń béèrè àkọsílẹ̀. Oògùn ibà àti oògùn HIV tí Global Fund ń fowó ra fún Nàìjíríà, wọ́n máa ń rán àwọn aṣàyẹ̀wò wá wo bí wọ́n ṣe rìn láti ilé ìkẹ́rùsí dé ilé ìwòsàn. Bí oògùn bá bàjẹ́ nílẹ̀, ìbéèrè wà. Àwọn tó ń tajà lórí íntánẹ́ẹ̀tì náà kò lè ṣe é láìní in, nítorí oníbàárà tó ti sanwó lórí fóònù kò ní gbọ́ pé "ẹ dúró ká lọ wò ó ní sítóò." Láwọn ibi báyìí, àkọsílẹ̀ náà ló ń mú owó wọlé. Gbogbo ilé ló nílò rẹ̀, láti òkè dé ìsàlẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká wá padà sí ọ̀rọ̀ lẹ́tà, torí ibẹ̀ ni ẹ̀kọ́ òfin tí mo kọ́ ti wúlò. Òfin iṣẹ́ Nàìjíríà, Labour Act, ní abala 5, sọ pé agbanisíṣẹ́ kò gbọdọ̀ yọ owó ìtanràn nínú owó oṣù òṣìṣẹ́. Bí òṣìṣẹ́ bá mọ̀ọ́mọ̀ ba nǹkan jẹ́ tàbí tó ṣe àìbìkítà tí àdánù fi dé, agbanisíṣẹ́ lè yọ iye tó mọ níwọ̀n, ṣùgbọ́n ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ ọ̀gá òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ iṣẹ́. Àwọn tí òfin yìí ń dáàbò bò ni àwọn tó ń fi ọwọ́ ṣiṣẹ́ àti àwọn tó ń ṣe iṣẹ́ akọ̀wé, kì í ṣe àwọn ọ̀gá inú ọ́fíìsì. Àbúrò tó wá bá mi wà lára wọn dáadáa. Mo bi í pé ṣé ẹnikẹ́ni fi irú ìwé àṣẹ bẹ́ẹ̀ hàn án. Ó wò mí bí ẹni tí mo ń sọ èdè mìíràn sí.

Ti pé kọ̀ǹpútà kì í purọ́ ńkọ́? Ilé ẹjọ́ gan-an kò gbà bẹ́ẹ̀ lásán. Abala 84 nínú Evidence Act ti ọdún 2011 sọ ohun tí ẹ gbọ́dọ̀ fi hàn kí adájọ́ tó gba ìwé tí kọ̀ǹpútà tẹ̀ jáde: pé wọ́n ń lo kọ̀ǹpútà náà déédéé fún irú iṣẹ́ yẹn, pé irú àkọsílẹ̀ yẹn ni wọ́n ń fi sínú rẹ̀ déédéé, pé ẹ̀rọ náà ń ṣiṣẹ́ bó ṣe yẹ. Ilé ìkẹ́rùsí tí wọ́n ti ń pa kọ̀ǹpútà ní gbogbo Sọ́ńdè, tí ẹrù sì ń jáde ní Sọ́ńdè, ṣé àkọsílẹ̀ ibẹ̀ pé? Ohun tí adájọ́ máa béèrè nìyẹn kó tó gbà á, lẹ́tà méjì láti ọ́fíìsì kò gbọdọ̀ fi fo ìbéèrè náà.

Mo mọ̀ ohun tí àwọn oníṣòwò máa sọ. Wọ́n á ní sítọ́ọ́kípà ń jalè. Òótọ́ ni, àwọn kan ń jalè, mo sì ti rí ẹjọ́ wọn. Ẹni tó bá jalè, ẹ mú un lọ síbi tí wọ́n ń mú olè lọ, kí ẹ sì mú ẹ̀rí dání. Àmọ́ bí gbogbo páálí tó bá dín bá ti di ẹ̀bi ẹni tó kéré jù nínú ilé, ohun méjì ló máa ṣẹlẹ̀. Olódodo á bá iṣẹ́ sílẹ̀, olè á sì kọ́ bí wọ́n ṣe ń tan kọ̀ǹpútà. Ètò tí ẹ fi owó ńlá rà á wá di ẹ̀rọ tó ń lé olódodo jáde.

Bí mo bá jẹ́ oníṣòwò, ohun tí n bá ṣe rèé. N bá kọ́kọ́ fi ara mi sábẹ́ òfin: ẹrù kankan kò ní jáde láìkọ, ì báà jẹ́ ìyá tó bí mi ló fẹ́ gbé e. N bá fi oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́ ṣe ti kíkọ́, a ó máa ka ọjà lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, a ó wá ìdí tó fi dín, kò sì ní sí ìyà fún ẹnikẹ́ni. N bá ṣe ìwé tó ní nọ́ńbà fún ọjọ́ tí iná kò bá sí, tí a ó tẹ̀ sínú kọ̀ǹpútà kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó ṣú. Ètò tó lè ṣiṣẹ́ láìsí íntánẹ́ẹ̀tì ni n bá rà, tó sì ń gba náírà. N bá jẹ́ kí sítọ́ọ́kípà ní ẹ̀dà gbogbo ohun tó bá fọwọ́ sí. Bí ìṣirò bá sì pé fún oṣù mẹ́ta tẹ̀léra, n bá fi nǹkan kún owó rẹ̀. Kò sí ìkankan nínú gbogbo èyí tó nílò ẹ̀rọ tuntun.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tó ń ta ètò kọ̀ǹpútà yìí náà, ẹ fetí sílẹ̀. Ọ̀dọ̀ ọ̀gá nìkan ni ẹ máa ń lọ, torí òun ló ń sanwó. Ẹ lọ jókòó ti sítọ́ọ́kípà fún ọjọ́ mẹ́ta. Ẹ wo ohun tó ń ṣe nígbà tí ọkọ̀ méjì bá dé pọ̀, tí ọwọ́ rẹ̀ dọ̀tí, tí awakọ̀ ń pariwo lé e lórí. Ẹ fi bọ́tìnnì kan síbẹ̀ tó ń jẹ́ "ọ̀gá ló ní ká fún un." Ẹ máa yà lẹ́nu bí wọ́n ṣe máa lò ó tó.

Ẹ̀yin tí ẹ sì ń ṣiṣẹ́ ní sítóò lónìí, tí ẹ ń ka èyí lórí fóònù yín: bí ọ̀gá bá pè yín pé kí ẹ gbé ẹrù fún ẹnì kan, ẹ fi WhatsApp ránṣẹ́ sí i lójú ẹsẹ̀, pẹ̀lú ọ̀wọ̀, "Ọ̀gá, ẹ kú iṣẹ́ o. Páálí mẹ́rìnlá tí ẹ ní kí n gbé fún wọn, mo ti gbé e." Ẹ ya fọ́tò gbogbo ìwé tí ẹ bá fọwọ́ kọ. Ẹ má ṣe fọwọ́ sí ìwé tí ẹ kò kà. Bẹ́ẹ̀ náà, ẹ má ṣe fún ẹnikẹ́ni ní ọ̀rọ̀ aṣínà tí ẹ fi ń wọlé sínú kọ̀ǹpútà, torí orúkọ yín ló máa wà lára ohun tó bá ṣe.

Àbúrò mi yẹn ńkọ́? Mo bá a kọ lẹ́tà ojú ìwé kan, mo sì kọ abala 5 sínú rẹ̀. Wọn kò dá wa lóhùn, ṣùgbọ́n wọn kò yọ owó mọ́ lẹ́yìn oṣù kìíní. ₦28,000 tí wọ́n ti yọ, a ò tíì rí i gbà. Nígbà tó yá, ó kúrò níbẹ̀, ó ń ṣe POS báyìí. Ó sọ fún mi pé wọ́n ti padà sí lẹ́jà ní sítóò náà, kọ̀ǹpútà ṣì wà lórí tábìlì, wọ́n fi aṣọ bò ó.